Yangí kọ́ o: lórí ilẹ̀ olókùúta àwọn òkè gbígbẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé nípa ilẹ̀ àwọn òkè gbígbẹ Nevada, ní Amẹ́ríkà, ti pe ilẹ̀ olókùúta ibẹ̀, níbi tí màlúù ti ń jẹko, ní "ilẹ̀ yangí ibùjẹ ẹran", ọ̀pọ̀ sì ti ń kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè bá wọn kan án.

Ká tètè mú "ibùjẹ ẹran" kúrò ná. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Jésù sí. Ibi tí koríko ti hù fúnra rẹ̀, tí màlúù ń jẹ ẹ́ kiri, pápá ìjẹko ni. Mo mọ̀ pé láti ìgbà òfin 2016 tó de fífi màlúù jẹko kiri ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ ìjẹko kì í dùn létí gbogbo ará Èkìtì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká wá sọ màlúù Nevada di ẹran ìso.

Yangí gan-an ni ìjà mi. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ kan yangí rí nílẹ̀ wa mọ̀ ọ́n: ọkọ́ á dún kàn-án, apá á ta. Ó pupa, ó ní ihò wínníwínní, oòrùn sì ń mú un le sí i. Irin ló so ó pọ̀. Òjò rẹpẹtẹ ló fọ àwọn nǹkan mìíràn lọ tí irin fi ṣẹ́kù, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó yan án gbẹ. Òjò Adó ju 1,200 mílímítà lọ lọ́dún; ti Nevada, ní ìpíndọ́gba, kò ju bí 250 lọ. Òjò táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè fọ funfun inú ilẹ̀, irú èyí tó wà nínú èèpo ẹyin, jáde. Á gbé e wọlẹ̀ díẹ̀, omi á gbẹ, funfun á dúró síbẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ òkúta, nígbà mìíràn títí á fi di pẹpẹ líle tí gbòǹgbò kò lè gbà kọjá. Òjò ló bí yangí. Ọ̀dá ló bí èyí.

Àbúrò kan ti ní ká pe funfun náà ní ẹfun. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹfun tiwa, amọ̀ funfun ni. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ fún un sórí èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín tí ẹ gún, á hó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni funfun òkè gbígbẹ ṣe ń hó tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ bá kán ásíìdì sí i. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. (Àwọn olórìṣà ní Kúbà ń fi èèpo ẹyin ṣe ẹfun tiwọn, tiwọn á hó. Ẹ má fi ìyẹn bá mi jà.) "Ẹfun ahó" ni mo mú wá.

Ó ku òkúta fúnra rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ìwọ̀n pín in. Láti mílímítà 2 dé 75, òkúta wẹ́wẹ́ ti tó. Láti 75 dé 250, mo fẹ́ "òkò", torí ọwọ́ ń gbé e. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé òkúta kì í jẹ́ òkò àfi tí a bá fẹ́ sọ ọ́ lu nǹkan; kó mú tirẹ̀ wá. Èyí tó bá ju 600 lọ, ẹ pè é ní òkúta ràbàtà, ẹ má pè é ní àpáta. Àpáta ní ìdí nínú ilẹ̀; Olósùnta, òkè ńlá Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni àpáta. Ìwé náà sì ní ibi tí ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti jókòó lé àpáta. Tí òkúta tó kàn dùbúlẹ̀ bá ti gba orúkọ yẹn, kí la ó pe èyí tó wà nísàlẹ̀?

Ní ti "ilẹ̀ eléegun" tí wọ́n dábàá fún ilẹ̀ tí òkúta gba ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò bá fi àmì sí i á ti mú eégún wọ pápá. Ilẹ̀ olókùúta tó fún mi.