Ìdáṣẹ́sílẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ìdókòwò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú yín dá a lábàá pé "ìdókòwò" ni kí a máa pe ẹ̀kọ́ entrepreneurship, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa gbọ́dọ̀ kọ́, nítorí pé "ìdáṣẹ́sílẹ̀" tí a ń pè é máa ń rú òǹkàwé lójú: ó jọ "ìdaṣẹ́sílẹ̀" ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó yanṣẹ́ lódì. N kò fara mọ́ ọn. Ìdókòwò ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí ìjọba bá ń pe àwọn olówó òkè òkun kí wọ́n wá fi owó ṣòwò níbí, òun ni àwọn oníròyìn ń lò. Ẹni tí ó ra ìpín (share) nínú ilé-iṣẹ́ tí kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí ti dókòwò, kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Mọ́kọ́lá. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀, yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò gbé àlùmọ́gàjí àti téèpù lé e lọ́wọ́, yóò sì wúre fún un. "Ó ti gbòmìnira" ni wọn yóò wí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ó bá gba ṣọ́ọ̀bù, tí ó fi owó tí ó lè run ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí òun náà sì gba ọmọ iṣẹ́, ni àwọn ará àdúgbò tó ń sọ pé ó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló kù, òun ló sì wúwo jù. "Dá" olóhùn òkè ni a fi ń dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. "Da" olóhùn àárín ni a fi ń da omi sílẹ̀, òun náà ni òṣìṣẹ́ tí inú ń bí fi ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi àkókò náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ka gbólóhùn yìí lórí rédíò, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bí pátákó ìpolówó bá kọ "idanileko lori idasesile" láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni? Àwọn tí ń tẹ̀wé ló jẹ̀bi, nítorí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò ní kí wọ́n pa àmì tì. Ẹ jẹ́ kí a fi "ìyanṣẹ́lódì", tí gbogbo ayé mọ̀, sílẹ̀ fún ti àwọn òṣìṣẹ́, kí a sì máa fi àmì sórí ìdáṣẹ́sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti ẹni tí ń ṣe é, "adáṣẹ́sílẹ̀" tẹ́ mi lọ́rùn ju "olùdáṣẹ́sílẹ̀" lọ, nítorí pé "olùdásílẹ̀" ti di ti ẹni tí ó dá ìjọ tàbí ẹgbẹ́ sílẹ̀.