Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá: níbo ni kí n sùn lọ́la lójú ọ̀nà 96 ní Kansas?

Ẹlẹ́sẹ̀Irin (Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o. Mo wà nílùú Tribune, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn, ẹrù mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa le lọ́la, òjò sì lè dé lọ́sàn-án. Níbo ni kí n sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn, iná fóònù mi ti fẹ́ tán.

BàbáKẹ̀kẹ́
Àbúrò, ìlà oòrùn lò ń lọ ni àbí ìwọ̀ oòrùn? Tó bá jẹ́ Eads ní Colorado lo dojú kọ, ó sún mọ́ máìlì 60, ọ̀rọ̀ omi ni kóo kọ́kọ́ rò. Tó bá jẹ́ ìlà oòrùn, Scott City ni kóo sùn. Bíi máìlì 47 ni, wàá ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ilé oúnjẹ wà, ilé ìtura wà, ilé ìwòsàn wà.

Nọ́ọ̀sìGarden
Garden City ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yẹn nígbà tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Tribune sí Leoti, nǹkan bíi máìlì 23. Leoti sí Scott City, 24. Scott sí Dighton, 24. Dighton sí Ness City, 31. Láàárín ìlú kan sí èkejì, má retí ṣọ́ọ̀bù, má sì retí igi tóo lè sá sábẹ́ rẹ̀. Àká ọkà oníkọnkéré funfun ni wàá kọ́kọ́ rí lára ìlú kọ̀ọ̀kan, ó sì lè tó wákàtí kan lẹ́yìn tóo ti rí i kóo tó débẹ̀. Má tìtorí pé o rí i kóo wá mu omi ọwọ́ ẹ tán. Líta mẹ́rin ni kóo fi kúrò nílùú kọ̀ọ̀kan, kóo sì po iyọ̀ àti ṣúgà sí ọ̀kan nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń po ó fáwọn ọmọdé nílé.

Aago náà tún wà ńbẹ̀. Greeley County tí Tribune wà ń lo aago Mountain, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Leoti. Bóo bá ti wọ Leoti, wákàtí kan ti lọ lára ọjọ́ rẹ. Ẹni tó gbéra láago márùn-ún ní Tribune, aago mẹ́fà ló jáde lójú àwọn ará Leoti.

Ológeere_Denver
Scott City kẹ̀? Máìlì 47 lóòjọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀? Ness City ni kóo lọ, máìlì 102. Kóo ṣáà ti gbéra láago mẹ́rin ìdájí. Nígbà ooru, gúúsù ni afẹ́fẹ́ Kansas ti ń fẹ́ jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lóru. Tí oòrùn bá ti ga díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bóo ṣe dojú kọ ìlà oòrùn yẹn, apá ọ̀tún ni yóò ti máa gbá ẹ, àárín títì ló sì máa ń tini sí, kì í ṣe inú koríko. Wàá máa fi ara tẹ̀ sọ́tùn-ún láti dúró dè é. Níbi tí ilé tàbí ọ̀wọ́ igi bá ti dí afẹ́fẹ́ náà lójijì, kẹ̀kẹ́ á yà bàrá sọ́tùn-ún. Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa níbẹ̀.

BàbáKẹ̀kẹ́
Aago mẹ́rin ìdájí, lásìkò ìkórè àlìkámà? Tírélà ọkà ń rìn, tírélà màlúù ń rìn, wọn ò sì retí ẹnikẹ́ni lórí kẹ̀kẹ́ nínú òkùnkùn. Ológeere, o ò tíì bi í bóyá ó ní iná ẹ̀yìn.

Ológeere_Denver
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ dé Tribune á ní iná ẹ̀yìn.

ÌyáÌbejì_Tulsa
Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Afẹ́fẹ́ àti tírélà ni gbogbo yín ń sọ. Yìnyín ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Láàárín Dighton àti Ness City ló ká èmi àti ọkọ mi mọ́. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó ti ń gbá wa láti àárọ̀ ṣàdédé dáwọ́ dúró. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa. Ojú ọ̀run apá ìwọ̀ oòrùn ti dúdú, abẹ́ rẹ̀ wá ní àwọ̀ ewé. Kò sílé, kò ságbàlá, pápá àlìkámà ni lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó kọ́kọ́ já lulẹ̀ ò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, wọ́n ti tó àgbálùmọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ mi já àwọn báàgì kúrò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a gbé e lé orí akoto wa, a sì ká gúlútú sínú kòtò ẹ̀bá títì. Akoto ọkọ mi là sí méjì. Èjìká mi dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò lè gbé ọmọ pọ̀n. Àgbẹ̀ kan tó ń wa píkọ́ọ̀pù kọjá ló kó àwa àti kẹ̀kẹ́ wa dé Ness City, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Títí di òní, bí òjò bá ti ń ta sórí páànù, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Àbúrò mi, má kọjá Scott City lọ́sàn-án. Mo bẹ̀ ẹ́.

Táyà40_Regina
Ẹ kú ewu o, ìyá wa. Olúwa ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń múra àtigba ọ̀nà yẹn lóṣù tó ń bọ̀, mi ò lọ mọ́.

Ológeere_Denver
Ẹ kú ewu, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun téèyàn lè ṣe. Àwọn ihò ńlá wà lábẹ́ títì tí omi máa ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni kéèyàn sá wọ̀.

Nọ́ọ̀sìGarden
Ẹ̀gbọ́n, rárá o! Òjò tó rọ̀ síbi tó jìnnà lè ya wọ inú ihò yẹn kéèyàn tó mọ̀. National Weather Service, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ti sọ ọ́ títí: kò síbi tó láàbò níta tí àrá bá ti ń sán. Ilé gidi tàbí mọ́tò onípáànù ni. Ọ́fíìsì wọn ní Goodland ló ń ṣọ́ Tribune àti Leoti, ti Dodge City ló ń ṣọ́ Scott City, Dighton àti Ness City, torí náà ojú ìwé méjèèjì ni kóo wò lówùúrọ̀. Watch ni pé ìjì lè ṣẹlẹ̀. Tó bá di Warning, ó ti dé nìyẹn.

Ológeere_Denver
Tí kò bá wá sílé tàbí mọ́tò ńkọ́? Máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sìGarden
Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ti wọlé kó tó di aago méjì ọ̀sán.

Ọmọ_StLouis
Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Katy Trail ní Missouri? Ojú irin àtijọ́ ni, nǹkan bíi máìlì 240, kò sí tírélà kankan, igi sì ṣíji bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Èmi ò lè gba Kansas láéláé.

BàbáKẹ̀kẹ́
Ọ̀gá, Tribune lọkùnrin yìí wà lálẹ́ yìí.

Fúlọkanásà_KC
Táyà wo lo lò? Tóo bá fẹ́ sinmi lẹ́bàá ọ̀nà, má ti kẹ̀kẹ́ wọ inú koríko, gbé e sókè ni. Ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní goathead, ó jọ dágunró ilé wa, àmọ́ ó le jù ú lọ, ó sì ń gún táyà wọlé. Tó bá gún un, yọ túúbù, kóo wá fi ìka tọ inú táyà yí po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kóo tó fi òmíràn sí i. Ẹ̀gún náà kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ló yọ ọ̀kan, tí wọ́n fi túúbù tuntun sí i, tó tún jò lẹ́yìn máìlì méjì.

Ọmọ_Topeka
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé Ness City, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ yà sí Nicodemus lápá àríwá. Àwọn èèyàn dúdú tó bọ́ lóko ẹrú ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1877, ìjọba sì sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1996. Ó ń dùn mí pé àwa Yorùbá ń kọjá lórí ilẹ̀ yìí, a kì í yà kí wọn.

BàbáKẹ̀kẹ́
Òótọ́ ni, ó yẹ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n ó lé ní máìlì 60 sójú ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko nìyẹn lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin (10:31 alẹ́)
Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí iná fi sí fóònù. Ìlà oòrùn ni. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Wichita, Sátidé yìí ni ìsọmọlórúkọ. Bàbá wa ò sí mọ́, èmi ni àgbà. Mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé.

Táyà40_Regina
Ẹ kú ewu ọmọ o! Olúwa á wò ó.

Ọmọ_StLouis
Ẹ kú oríire! Akọ ni àbí abo?

ÌyáÌbejì_Tulsa
A bá yín yọ̀ o, àbíyè ni. Ṣùgbọ́n pe ọkọ àbúrò rẹ kó wá fi mọ́tò gbé ẹ láti Scott City. Wọ́n nílò ẹ lóòyè níbi ìkómọ náà.

BàbáKẹ̀kẹ́
O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tribune sí Wichita lé ní máìlì 250. Wọ ọkọ̀ ojú irin. Southwest Chief ń dúró ní Garden City, kò ju bíi máìlì 36 lọ sí gúúsù Scott City, ó sì ń kọjá ní Hutchinson àti Newton, tó sún mọ́ Wichita.

Nọ́ọ̀sìGarden
Máìlì 36 sí gúúsù, kó kojú afẹ́fẹ́ gúúsù, pẹ̀lú ẹrù? Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ọ̀nà yẹn. Yóò rẹ̀ ẹ́ ju máìlì 70 sí ìlà oòrùn lọ.

Ológeere_Denver
Ness City. Mi ò yí ọ̀rọ̀ padà. Ibi yòówù kóo sùn sí, tóo bá fẹ́ pàgọ́ sínú ọgbà ìlú, pe ọ́fíìsì ṣérífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá àgbègbè, kóo tó ta tẹ́ǹtì. Àwọn ìlú kéékèèké yẹn máa ń gba oníkẹ̀kẹ́ láyè. Ṣùgbọ́n èèyàn dúdú ni wá, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹ lóru kó máa bi ẹ́ pé ta nìyẹn.

BàbáKẹ̀kẹ́
Oore nìkan ni wọ́n ṣe mí níbẹ̀. Síbẹ̀, lórí èyí, ohùn èmi àti Ológeere ṣọ̀kan. Pè wọ́n.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin (Ọjọ́bọ̀, 3:05 ọ̀sán)
Ẹ kú ọ̀sán o. Dighton ni mo wà. Aago márùn-ún Tribune kọjá díẹ̀ ni mo gbéra. Kí n tó dé Leoti ni mo ti ń fara tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹ̀gún gún mi lẹ́yìn Scott City, méjì ni mo bá nínú táyà, Fúlọkanásà, ẹ ṣé o. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní kí n sùn ní Dighton. Aago mọ́kànlá ni mo dé Scott, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mi ò lè jókòó síbẹ̀ dalẹ́ kí ọ̀nà tó kù máa wò mí. Nígbà tí mo débí, ìkùukùu ti ń ga ní ìwọ̀ oòrùn, mo bá dúró. Ọkọ àbúrò mi yóò pàdé mi lọ́la ní Great Bend, lẹ́yìn Ness City. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀ ná.

ÌyáÌbejì_Tulsa
A dúpẹ́. Abẹ́ òrùlé ni kóo sùn o, kì í ṣe tẹ́ǹtì.

Nọ́ọ̀sìGarden
Watch ti jáde fún Lane County, ibi tóo wà gan-an nìyẹn. Wá yàrá kíákíá.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin
Mo ti pe ọ́fíìsì ṣérífù, àwọn ló júwe yàrá fún mi. Kẹ̀kẹ́ wà nínú ilé pẹ̀lú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ilé oúnjẹ tó máa ń ṣí kí aago méje tó lù ní Ness City?

BàbáKẹ̀kẹ́
Ra búrẹ́dì àti ẹ̀pà lálẹ́ yìí kí ṣọ́ọ̀bù tó tì.