Ta ló lè wọ mùsíọ́mù oògùn olóró àwọn ológun Mẹ́síkò?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àlejò lè sanwó wọ Museo del Enervante ní Mexico City?

Ìdáhùn 1: Rárá o, wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Inú olú iléeṣẹ́ ètò ààbò ló wà. Ọdún 1985 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi kọ́ àwọn sójà. Àwọn oníròyìn àti aṣojú ìjọba máa ń wọlé, tí wọ́n bá ti gba àṣẹ ṣáájú.

Ìdáhùn 2: Àwọn ìbọn AK-47 tí wọ́n fi wúrà bò wà níbẹ̀. “Ìwo òbúkọ” ni wọ́n ń pe irú ìbọn yìí ní Mẹ́síkò, torí àpò ọta rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo.

Ìdáhùn 3: Àfarawé oko poppy (òdòdó tí wọ́n ti ń rí oògùn olóró opium) tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Nínú oko gidi, wọ́n á fi abẹ sín èso tútù, oje funfun á sun, á di dúdú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ha á.