Láárí ni ẹ ń wá, kì í ṣe ìtumọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láì dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ló béèrè ohun tí a lè máa pe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tó fi ń mọ̀ pé òun ò wá sáyé lásán. Òun fúnra rẹ̀ dábàá "iṣẹ́ amáyénítumọ̀". Bùrọ̀dá kan ní "iṣẹ́ àyànmọ́" ló tọ́. Àǹtí wa tó jẹ́ agbẹ̀bí ní kí a sáà pè é ní "iṣẹ́ ìfẹ́", kí a jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ parí ìwé rẹ̀. Láìpẹ́ ìjà kúrò lórí orúkọ, ó di pé ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí iṣẹ́ máa fún ayé ènìyàn nítumọ̀. Èmi rò pé ìjà kan náà ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú "amáyénítumọ̀" palẹ̀. A ń mú ìlú dùn, a sì rí amúlùúdùn. A kì í mú ayé nítumọ̀. À ń fún un nítumọ̀ ni. Ìyẹn kékeré. Èyí tó ká mi lára ni "a" iwájú yẹn. Olùṣe ló máa ń bí. Amúlùúdùn ló ń mú, ìlú ni wọ́n ń mú dùn. Nínú ọ̀rọ̀ àbúrò wa, iṣẹ́ ló jókòó sórí àga, ayé wa ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń retí ohun tí yóò fún un. A ti dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í.

"Ìtumọ̀" náà wá ńkọ́? Ohun tó bá dì ni à ń tú. Àlá ní ìtumọ̀, òwe ní ìtumọ̀, àrokò ní ìtumọ̀, nítorí pé ẹnì kan ti di nǹkan sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa ń gbàdúrà báyìí pé "ayé mi á nítumọ̀", èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ń gba àdúrà náà dáadáa. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó wá túmọ̀ ayé òun fún òun. Ohun tó ń tọrọ ni pé kí àwọn tó fojú pa òun rẹ́ tún òun wò.

Ohun tó ń tọrọ yẹn ní orúkọ lọ́dọ̀ wa: láárí. "Mi ò rí láárí ohun tó sọ." "Ọmọ tó ní láárí." "Aláìníláárí!" Kò sí ìyá ọlọ́jà tí a máa ṣàlàyé rẹ̀ fún. Bí a ṣe ń lò ó gan-an ni mo fẹ́ràn: n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó ní òun ń mọ láárí òun lára. Ará ìta ló ń rí i. Ẹni tó ń gba owó oṣù ńlá lè jẹ́ aláìníláárí lójú ìyá rẹ̀, ẹni tí kò sì ríṣẹ́ ṣe lè jẹ́ ẹni tí gbogbo agboolé ń dúró dè kí wọ́n tó jẹun.

Bùrọ̀dá tó fẹ́ "àyànmọ́", ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Àyànmọ́ kì í gba ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ fọwọ́ ba nǹkan kan. Iṣẹ́ tí a ń ṣe àti iṣẹ́ tí a ń rán ni, ohùn kan náà ni wọ́n. Ìṣẹ́ tó ń ta ni nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ó wá dà bíi pé ohun tí à ń ṣe láyé, ẹnì kan ló rán wa. Mo gbà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, yóò jẹ́ ẹ, yóò sì padà wálé. N kò rí ìránṣẹ́ tó kọ́ ilé sójú ọ̀nà.

Ẹ tún mú ikigai wá, ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan fún ohun tó ń mú kí ayé wu ènìyàn gbé, pẹ̀lú àwòrán òbìrí mẹ́rin: ohun tí o fẹ́ràn, ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tí ayé ń fẹ́, ohun tí wọ́n á sanwó fún. Àwòrán yẹn kì í ṣe ti Japan. Ará Spéènì kan, Andrés Zuzunaga, ló ti ya irú rẹ̀ ṣáájú. Ní 2014 ni Marc Winn wá fi ọ̀rọ̀ ikigai sí àárín rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀gì, ayé sì gbé e. Ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n mọ̀ jù lórí ikigai ní Japan, ní 1966, ni Mieko Kamiya. Dókítà àrùn ọpọlọ ni, ó sì ṣiṣẹ́ láàrin àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ sí Nagashima Aiseien, lórí erékùṣù. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní ọ́fíìsì, wọn ò ní ẹni tó ń sanwó oṣù fún wọn. Ohun tó ń mú irú wọn fẹ́ rí ilẹ̀ tó ń mọ́ ni obìnrin yìí ń wádìí. Bí a bá fẹ́ yá ikigai lò, ẹ jẹ́ ká yá a láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà ló ní karoshi, ikú àṣejù iṣẹ́, tí ìjọba wọn fi ṣòfin láti dènà rẹ̀ ní 2014. Èyí a ò ní láti yá: àṣekúdórógbó wà nílé.

Ẹnì kan ní Yorùbá ti parí ọ̀rọ̀ tipẹ́, pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ó dáa. Oògùn ni wọ́n pè é. Kí ẹni tó bá gbọ́ "oògùn" sọ fún mi bóyá oúnjẹ ló gbọ́. Ẹ tún ka àwọn ire tí à ń tọrọ: ire ajé, ire ọkọ tàbí aya, ire ọmọ, ire àìkú. Ajé wà níbẹ̀, ohun tí iṣẹ́ ń mú wá. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

N kò sọ pé àwọn baba wa ò ka iṣẹ́ sí o. Ọmọ onílù ń jẹ́ Àyándélé, ọmọ oníṣọ̀nà ń jẹ́ Ọnàwálé, wọ́n fi iṣẹ́ sínú orúkọ, wọ́n fi sínú oríkì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí orúkọ náà sọ: Àyàn dé ilé. Ilé ni iṣẹ́ ń bọ̀.

Ibi tí mo ti rò pé ìdáhùn wà ni ìkíni. A kì í kí gbogbo òṣìṣẹ́ bákan náà. Ojú gbooro o, ti onídìrí nìyẹn. Igbà á rọ̀ o, ti akọpẹ. Àrìnpa o, ti ọdẹ. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n l'Ábẹ́òkúta, àwọn ni wọ́n ń kí ní "Àrẹ̀dú o!" Mo rántí wọn dáadáa nídìí ìkòkò. Wọ́n á ti ìka bọ omi eérú, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tutọ́, wọ́n á ní "ó kù díẹ̀". Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bíi pé ó bàjẹ́. A ó dúró. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dú lójú wa níbẹ̀, láti etí aṣọ wá sí àárín. Ẹni tó ń kọjá lọ á ké "Àrẹ̀dú o!", wọ́n á dáhùn "Àṣẹ!" láì gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó kí wọn pé kí iṣẹ́ wọn tẹ́ wọn lọ́rùn. Aró ni wọ́n ń kí, pé kó dú. Láárí iṣẹ́ náà wà lára aṣọ tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ti ìyá àgbà fúnra wọn wà níbòmíràn, torí orúkọ àkọ́bí wọn ni àdúgbò fi ń pè wọ́n, nígbà tí ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá àti nígbà tí ó ti mọ́ tónítóní tí ẹ̀yìn ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Èmi ò ṣe bíi tiwọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣírò owó fún ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń pe gbogbo wa ní ẹbí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan wọ́n fi ímeèlì kan ṣoṣo lé àwa mẹ́rìndínlógún lọ. Kò tiẹ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e mo jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sí pálọ̀. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta lẹ ń dúró dè?" Àwọn tó bá ti pé ọdún, a máa ń ní wọ́n fẹ̀yìn tì. Tì í sára kí ni? Èmi fẹ̀yìn wá ohun tí mo lè fi tì, n kò bá nǹkan kan: n kì í lọ ìpàdé ẹbí, mo ti pa ìkómọ mẹ́rin jẹ, ẹgbẹ́ tí a jọ jáde ilé-ìwé ò pè mí mọ́. Iṣẹ́ ni mo ti sọ pé ó ń fún mi ní gbogbo rẹ̀.

Àǹtí wa agbẹ̀bí, mo mọ̀ pé tiyín yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bí ẹ bá ń gba ojú pópó kọjá, àwọn ọmọ tí ẹ gbẹ̀bí wọn á sáré wá kí yín. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ yẹn ni láárí náà, mà.

Nítorí náà, fún ìwé àbúrò wa: "iṣẹ́ tó ní láárí". Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, kò rẹwà tó "asọ̀rọ̀mágbèsì" tí àwọn àgbà fi pe rédíò, ṣùgbọ́n kò ní bẹ àlàyé. Níbi tí ìwé náà bá ti ń sọ nípa ayé ènìyàn lódidi, kí a kọ "ohun tí mo wá ṣe láyé", bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má kó àwọn méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan.

Ó ku ìbéèrè kan, èmi náà ló ń yọ lẹ́nu: kí ni a ó máa fi kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà? "Ẹ kú iṣẹ́" ti tẹ́ jù. Nílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá alákàrà ìsàlẹ̀ sì máa ń rí mi bí wọ́n bá ń lọ pọnmi. Lánàá wọ́n dúró, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo wáyà tó wọnú ògiri, wọ́n ní, "Iná ò ní lọ o!"

Mo dáhùn "Àṣẹ" kí n tó mọ̀.