Ṣé ọ̀pá ìpẹja tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ tó owó rẹ̀ lórí yìnyín?

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Minnesota ni mò ń gbé, adágún Mille Lacs ni mo ti ń pẹja walleye àti perch bí omi bá ti dì.

Òfin ibí gba okùn méjì lórí yìnyín. Mo máa ń fi ọwọ́ gbọn ọ̀kan nínú wọn sókè-sódò, mo sì ń fi ẹja kéékèèké tó ṣì wà láàyè sí ìwọ̀ èkejì, kó máa lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Èkejì yìí ni mo fẹ́ fi ọ̀pá oníbátìrì tó ń gbọ̀n rọ́pò. Àmọ́ òtútù kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Walleye náà, ìgbà tí ìjẹ bá dúró jẹ́ẹ́ ló sábà máa ń gbé e mì. Kí wá ni gbígbọ̀n láìsinmi fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé kí n rà á fún okùn kejì, àbí kí n má wulẹ̀ náwó sí i?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.