Ẹ gbà mí o, fáńdéṣọ̀n wo ló lè wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún wa ní Sátidé yìí?

Akọ̀wé_Àdúgbò
Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ń wá fáńdéṣọ̀n tó máa ń wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àdúgbò, BP, ṣúgà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a jọ ṣàdéhùn pè lálẹ́ àná pé àwọn ò lè wá mọ́, a sì ti sanwó kánọ́pì, mọ́gàjí ti sọ fún gbogbo agboolé, ààfáà ti kéde ẹ̀ ní mọ́sálásí, àwọn ìyá arúgbó ti ń bi mí pé aago mélòó ni kí àwọn jáde. Ẹni tó bá mọ èyí tó dáa kó fi orúkọ ẹ̀ síbí kíákíá.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà
Àdúgbò wo? Àgbà ló pọ̀ ni àbí ọmọdé? Ẹ ò mà sọ nǹkan kan.

ỌmọMápó
Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé fáńdéṣọ̀n wá dà bí alásè tí èèyàn ń pè lọ́jọ́bọ̀ kó wá dáná ní Sátidé? Àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí kàńsù, wọ́n á rí MOH, ìyẹn dókítà tó ń bójú tó ìlera ní kàńsù, wọ́n á wá wo ibi tí wọ́n máa lò, ṣé omi wà, ṣé iná wà, ibo ni èèyàn ti máa tọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìtọ̀ wò. Kì í ṣe nǹkan ọjọ́ mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI
Ẹ gbìyànjú ARFH, àjọ ìlera kan ni. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ladipo àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Delano ló dá a sílẹ̀, ìlera àdúgbò sì niṣẹ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Àbúrò, ARFH kì í ṣe àwọn tí èèyàn ń pè wá sábẹ́ kánọ́pì o. Ètò ńlá ńlá ni tiwọn, fètò sọ́mọ bíbí, HIV, ikọ́ ife. Olúkúlùkù ló ní ibi tó dúró sí. Tó bá jẹ́ genotype àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ SS, Sickle Cell Hope Alive Foundation wà n'Ìbàdàn yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Falusi ló dá a sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ikọ́ ife, Damien Foundation. Àyẹ̀wò ikọ́ ife ọ̀fẹ́ ni, oògùn ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó má jókòó sílé o. Àmọ́ BP lásán àti ṣúgà lásán, ìyẹn lẹ máa sọ fún wa bóyá òun nìkan lẹ fẹ́.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Ẹ jọ̀ọ́ ṣé àwọn fáńdéṣọ̀n yìí ń gba èèyàn síṣẹ́? Ọmọ mi jáde ní Ẹlẹ́yẹlé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ ìlera, ó ti wà nílé látìgbà náà.

Ọmọ_Ẹlẹ́kọ
Èmi ò kí ń fẹ́ gbọ́ fáńdéṣọ̀n sétí mọ́ rárá. Àwọn kan wá sí àdúgbò wa níjọ́sí, mi ò ní dárúkọ wọn, gbogbo wọn wọ tíṣáàtì funfun, wọ́n gbé bánà gàgàrà dání, wọ́n wọn BP bàbá wa wọ́n ní 180 lórí 110, ojú bàbá yí padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n wá fún wọn ní oògùn nínú ọ̀rá funfun kékeré, wọ́n fi bírò kọ «ọ̀kan láàárọ̀» sí i lára, wọ́n ní kí bàbá gbé ọ̀rá náà sókè kí wọ́n ya fọ́tò, fọ́tò yẹn ṣì wà lórí Facebook wọn títí dòní. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ni. Nígbà tó tán bàbá ní ara òun ti le, orí ò fọ́ òun mọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé oògùn BP kì í tán bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n máa mú lọ síbì kankan, a pe nọ́ńbà tó wà lára bánà títí ẹnì kan ò gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a jí bá wọn, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún ò gbéra. Dòní, èmi ni mo ń bọ́tìnì aṣọ fún bàbá tó fi ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ bíríkìlà kọ́ ilé tí à ń gbé.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà
Yéè. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Bàbá_Bódìjà
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ńkọ́? Ṣé fáńdéṣọ̀n ló máa máa ra oògùn bàbá yín títí ayé ni? Wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ga, iṣẹ́ tiwọn ti parí.

Ọmọ_Ẹlẹ́kọ
Bàbá, ẹ rora sọ̀rọ̀. A ò ní kí wọ́n ra oògùn. Ẹni tó bá sọ fún èèyàn pé ilé ẹ̀ ń jó, ṣebí ó yẹ kó júwe ibi tí omi wà.

ỌmọMápó
Bàbá Bódìjà, ẹ̀yin tí ẹ ní dókítà ní Bódìjà, ẹ lè máa sọ pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyá kan gun òkè Mápó wá, èémí wọn ò tíì balẹ̀, wọ́n ṣì ń fi ìborùn nu òógùn, ọmọdékùnrin kan ti dì wọ́n lápá ó ti ń fún un, ó ní 170. Mama sunkún délé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ wọ̀n ọ́n ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, 128. Irú wọn ni gbogbo wọn.

Bàbá_Bódìjà
Kì í ṣe gbogbo wọn. Rotary wà tí wọ́n ti ń ná owó sórí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò gidi ẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Ṣé fọ́tò ló lé e lọ?

ỌmọMápó
Rotary kọ́ la ń sọ níbí.

Alágbo_Bẹẹrẹ
Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo eléyìí ò le. Mo ní àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìgò kan péré, ẹ máa padà wá jẹ́rìí. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Alágbo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi wá ìjàngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí, torí mo ti bá wọn lọ dáadáa. BP ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tíì tó kí èèyàn sọ pé ẹnì kan ní àìsàn. Ẹni náà máa jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn ẹ̀ máa fara ti àga, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa kan ilẹ̀, kò ní máa sọ̀rọ̀, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ 140 lórí 90 sókè, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà yẹn la tó ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá wá jẹ́ 180 bíi ti bàbá yìí, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, kí ẹnì kan sì bá a débẹ̀. Ṣúgà náà, kí wọ́n bi èèyàn bóyá ó ti jẹun kí wọ́n tó gún un níka, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì elésúgà tán, kí lẹ fẹ́ kó jáde?

Ohun tí mo fi ń dá fáńdéṣọ̀n gidi mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọ́n kọ́kọ́ lọ bá mátírọ́ọ̀nù hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà ní wọ́ọ̀dù yín? Torí àwọn máa lọ, mátírọ́ọ̀nù ò lọ síbì kankan. Èyí tí mo bá ṣiṣẹ́ nílé òkè lọ́hùn-ún, ríjístà méjì ni wọ́n ń kọ, wọ́n á mú ọ̀kan lọ, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mátírọ́ọ̀nù, wọ́n á wá fa obìnrin méjì kan kalẹ̀ láàárín ọjà tí wọ́n á máa yà sílé àwọn tí nǹkan wọn ga, «ìyá, ṣé ẹ ti débẹ̀? oògùn ńkọ́?». Owó ọkọ̀ àwọn obìnrin yẹn kò tó owó bánà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn ò fi ń ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI
Ohun tí mama sọ yìí, wọ́n ti ṣe é rí o. Igbó-Ọrà, láti 1963, University of Ibadan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Rockefeller Foundation ló kún wọn lọ́wọ́. Títí di ìsinsìnyí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní UCH ń lọ gbé ibẹ̀, wọ́n á máa wọ ojúlé dé ojúlé. Wọn ò kàn lọ lọ́jọ́ kan kí wọ́n padà.

ỌmọMápó
Rockefeller wo ló fẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé báyìí? 😂

Ọmọ_Òkè_Àdó
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, níbo ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún OYSHIA, ìṣúra ìlera (health insurance) ti ìjọba Ọ̀yọ́? Ìyàwó mi fẹ́ bímọ.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín, wọ́n á júwe fún yín. Kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹ wà lára àwọn tí òfin ìlera 2014 nì kàn, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn aláìní ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Aláboyún wà lára wọn.

Akọ̀wé_Àdúgbò
Ẹ ṣé gan-an ni. Kúdẹtì ni o. Àgbà ló pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà
Kúdẹtì! Ẹ sì jókòó síbẹ̀ ẹ ń pariwo fáńdéṣọ̀n? Ọsibítù Ẹlẹ́tà kò ha wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀?

Akọ̀wé_Àdúgbò
Mama, Ẹlẹ́tà ń gbowó. Àwọn ìyá wa tó ń ta ata wẹ́wẹ́ ò ní lọ sanwó káàdì nítorí àìsàn tí ò dùn wọ́n. Tí wọ́n bá rí kánọ́pì tí wọ́n rí àwọn ẹgbẹ́ wọn lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa tó jáde.

Bàbá_Bódìjà
Òótọ́ lẹ sọ yẹn. Ẹ sún un síwájú ní oṣù kan, kí ẹ lọ rí MOH ní kàńsù yín ní Mápó. Kí ẹ sì bi fáńdéṣọ̀n tó bá wá bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC, níbi tí ìjọba ti ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti bóyá dókítà tí wọ́n mú wá ní ìwé àṣẹ tọdún yìí.

Ọmọ_Ẹlẹ́kọ
Ẹ gba ìmọ̀ràn yìí o. Tàbí kí ẹ fagi lé e pátápátá.

Akọ̀wé_Àdúgbò
Ẹ̀yin ará, a ti rí àwọn tó máa wá. Àbúrò ìyàwó alága wa ló mọ fáńdéṣọ̀n kan láti Lagos, wọ́n ní àwọn á wá, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n kàn fẹ́ ká pèsè omi inú ike àti ìrẹsì fún èèyàn wọn. Mi ò tíì rí wọn rí. Owó kánọ́pì ò ṣeé gbà padà, mọ́gàjí náà ò sì fẹ́ gbọ́ pé a sún un.

ỌmọMápó
Ẹ wá da gbogbo ìmọ̀ràn wa nù sí odò Kúdẹtì.

Akọ̀wé_Àdúgbò
Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Mo ti lọ bá mátírọ́ọ̀nù láàárọ̀ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ bú mi pé kí ló dé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, wọ́n wá ní àwọn á rán nọ́ọ̀sì kan wá jókòó ti wọn pẹ̀lú ríjístà hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì nìkan ni mo tún ń wá kiri báyìí, bẹ́ńṣì ni àwọn oníkánọ́pì kó wá.

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Ẹ yá a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mélòó ni?

Akọ̀wé_Àdúgbò
Mẹ́sàn-án. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì_Yemẹtù
Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ Fúráìdé. Tí mo bá tètè jáde.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn nípa ọmọ mi o.