Màmá mi fẹ́ yọ eyín nílé: ewu wo ló wà nínú abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú?

Ọmọ Ọjà Jagun (London)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Màmá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ lọ yọ eyín ńlá kan tí kòkòrò ti jẹ tán lẹ́yìn ẹnu, lápá ìsàlẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò sì wúwo ju kílò 60 lọ. Kì í ṣe ẹ̀mú tí wọn yóò fi fa eyín náà ló ń dẹ́rù bà wọ́n, abẹ́rẹ́ ni, nítorí ará àdúgbò kan ti sọ fún wọn pé wọ́n gún ẹnì kan rí, onítọ̀hún sì dákú sórí àga. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lọ?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Àbúrò, ẹ bá mi kí màmá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dúró ti dókítà eléyín níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í kun ènìyàn lóorun. Ojú ibi tí wọ́n bá gún nìkan ló ń kú. Màmá yóò wà lójúfò, wọn yóò máa gbọ́ ohùn dókítà, wọn yóò sì mọ̀ pé wọ́n ń ti nǹkan, wọ́n ń mi nǹkan, bí kò tilẹ̀ dùn wọ́n. Ẹ sọ èyí fún wọn ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń pariwo pé abẹ́rẹ́ kò ràn àwọn, nígbà tó jẹ́ pé mímì eyín lásán ni wọ́n ń gbọ́ lára.

Oògùn tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni lidocaine. Nils Löfgren ló ṣe é ní Sweden lọ́dún 1943, ó sì ti wà lọ́jà láti 1948, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Wọ́n máa ń fi adrenaline díẹ̀ sí i kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè fún pọ̀, kí oògùn má baà tètè ṣàn lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má sì dà púpọ̀. Adrenaline yìí ni ọkàn ẹlòmíràn máa ń gbọ́ tí yóò fi máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń fa síríńjì sẹ́yìn díẹ̀ wò ná bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò wọlé, kí ó tó máa rọra ti oògùn sínú, tí ìgò kékeré kan ṣoṣo yóò sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ti ìgò kan tán ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, n kò ní jẹ́ kí ó gún màmá tèmi.

Ní ti ìwọ̀n, ìgò kan níhìn-ín gba mílílítà 2.2, lidocaine inú rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 44. Ìwọ̀n tí àwa ń tẹ̀ lé kò ju mílígíráàmù 4.4 fún kílò kan lọ. Ẹni kílò 60 yóò gba 264, ìyẹn ìgò mẹ́fà, eyín kan kì í sì í sábà gbà ju ìgò kan tàbí méjì lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé kílò 15, ìgò kan àtààbọ̀ ti tán tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ gbé ọmọdé sórí ìwọ̀n kí a tó gún un. Bí ọkàn ẹnì kan kò bá dá ṣáṣá, adrenaline ni dókítà máa ń ṣọ́ jù, kì í sì í fẹ́ kí ó ju mílígíráàmù 0.04 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nípa ẹni tó dákú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tó ṣe é láìsí níbẹ̀. Òòyì ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí àga eyín, ẹ̀rù àti ebi ló sì sábà máa ń fà á. Wọ́n á dá ẹni náà dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, láìpẹ́ yóò lajú. Ọmọ ibi tí wọ́n gbé ń jẹ èkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan kò gbọdọ̀ gbé òfìfo ikùn lọ bá abẹ́rẹ́. Kí màmá jẹun, kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà bí wọ́n ti ń lò ó, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan lọ síwájú dókítà, pẹ̀lú àgbo tí wọ́n ń mu. Bí wọ́n bá ń lo propranolol, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn dá a dúró.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gún wọn, bí etí wọn bá ń hó, bí wọ́n bá ń tọ́ adùn irin wò lẹ́nu, tàbí tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí wọ́n na ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ọmọdé kún un. Wọ́n dí eyín Kẹ́hìndé wa ní ìsàlẹ̀, a kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ sì fún un ní dòdò lọ́sàn-án nítorí pé ó ń ké pé ebi ń pa òun. Ètè rẹ̀ ṣì kú, kò mọ̀ pé ètè ara rẹ̀ lòun ń jẹ mọ́ dòdò. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, ètè ti wú bí ti ẹni tí oyin ta, àárín rẹ̀ sì funfun, a rò pé ó ti kẹ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ lásán ni, ó sì san láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kíkú ètè yìí lè tó wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Títí yóò fi lọ, ẹ má fún ọmọ ní ohun jíjẹ, ẹ sì jókòó tì í kí ó má baà máa fi ọwọ́ fà á.

Ọmọ Ilé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Èmi ti padà sílé láti Jámánì lọ́dún tó kọjá. Wọ́n yọ eyín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ìwòsàn kan, kí ó tó dé ilé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ojú ọ̀tún kò sì lè pa dé. Kí n tó bọ́ bàtà, ìyàwó ilé kan ti ní rọpárọsẹ̀ ni, èkejì ní ayé ló ń bá a jà, àwọn kan sì ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Èmi ni mo pe dókítà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú náà ti padà sípò. Kí ló fa irú èyí?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Abẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ẹnu ló jìn sẹ́yìn ju bó ti yẹ lọ, oògùn sì kan iṣan tó ń mi ojú, èyí tó gba iwájú etí kọjá. Bí oògùn bá ti lọ, ojú á padà. Kí wọ́n sáà fi aṣọ mímọ́ bo ojú tí kò pa dé náà kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ pe dókítà: bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá rọ pẹ̀lú ojú, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ.

Àwọn mìíràn wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹnu lè má là dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú kí ó sì dúdú. Bí ahọ́n tàbí ètè bá ṣì kú di ọjọ́ kejì, ẹ sọ fún dókítà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ló ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ibẹ̀ bá ti ń ṣọyún, tó sì wú, abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Nítorí náà, kí màmá má dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú tán. Ẹni tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò bá tó lára rẹ̀, èyí tí a mọ̀ pé ó pọ̀ láàárín wa, kí ó sọ ọ́, kí wọ́n má baà fi prilocaine, oògùn mìíràn tó ń mú ẹnu kú, gún un.

Ọmọ Ọjà Jagun (London)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ màmá kí ó tó fọwọ́ kan síríńjì, ó bá a ní 190 lórí 112, ó sì ní kí wọ́n máa lọ ilé. Àṣé ìgbà tí orí bá fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn tí mo ń fowó rẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù! Wọ́n lò ó déédéé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bọ́ sí 144 lórí 86, wọ́n sì yọ eyín náà láàárọ̀ òní. Ìgò kan àtààbọ̀ ló gbà. Wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó lọ, òòyì kò kọ́ wọn. Wọ́n ní kí n bi Àǹtí bóyá àwọn lè mu ẹ̀kọ gbígbóná nísinsìnyí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Rárá o. Ẹnu tó kú kò mọ gbígbóná, yóò bó wọn. Kí ẹ̀kọ náà tutù, kí ètè sì padà sípò kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu.